Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Gbá Àti Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Kọ́: Iṣẹ́ Rena Wakama

Láti ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin wa, D'Tigress, ti ń gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà léraléra, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé níbí ní Iresi. Wọ́n á ní: obìnrin tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn, tí kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá, kí ló ń ṣe gan-an? Ṣebí àwọn tó ń sáré ló ń làágùn? Àwọn ló ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Kí ló wá dé tí gbogbo ayé fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀rín fò ó. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni a ń sọ o, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Rena Wakama ni orúkọ obìnrin náà. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà fún Nàìjíríà rí, kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kóòṣì. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ni gbígbá àti kíkọ́ni, pé ẹni tó mọ ti àkọ́kọ́ ṣì ní láti lọ kọ́ ìkejì bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Àti pé ibi tí Wakama ti kọ́ ti rẹ̀ yẹ kó kó ìrònú bá àwa tó wà nílé.

Kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí eré náà ṣe rí. Nínú ìdíje FIBA, ìyẹn àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní gbogbo àgbáyé, ìṣẹ́jú 40 ni ìfigagbága kan, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà 4, ìṣẹ́jú 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 12 ni ikọ̀ kan. Àwọn 5 á wà lórí pápá, àwọn 7 yòókù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ ikọ̀ kan, ìṣẹ́jú-àáyá 24 péré ni wọ́n ní láti jù ú sí àwọ̀n. Bí aago bá dún kí wọ́n tó jù ú, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ṣe fáwùlù 5, eré tán fún un lọ́jọ́ náà.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò lórí pápá kò ní padà wọlé mọ́. Ti básíkẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè yọ ẹnì kan, kó dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, kó tún yọ ọ́. Ó sì lè dá eré dúró lẹ́ẹ̀mejì ní ìdajì àkọ́kọ́ àti lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdajì kejì, kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 1 péré ni ìdádúró kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, wọ́n á mumi, wọ́n á mí, wọ́n á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa tún eré wọn ṣe.

Ẹ wá ro ó wò. Obìnrin yẹn ní láti mọ ẹni tó ti rẹ̀, tí kò fẹ́ sọ pé ó ti rẹ òun. Ó ní láti mọ ẹni tó ti ní fáwùlù 4, tí kò gbọdọ̀ fara kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní láti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń jó lónìí nínú àwọn ọ̀tá, àti èwo nínú àwọn tirẹ̀ ló lè dí onítọ̀hún lọ́nà. Gbogbo èyí, aago ń sáré lọ. Bí ó bá sì ṣèèṣì pẹ́ kó tó pinnu, àmì 10 ti lọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló le jù. Èyí tó le jù ni pé ohun tí agbábọ́ọ̀lù mọ̀, inú ara rẹ̀ ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́. Èdè wa fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Gbogbo wa là ń sọ pé "mo lọ", tí a bá sì fẹ́ sẹ́, a ó ní "n ò lọ" tàbí "mi ò lọ". Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mo ò lọ" nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣì í. Ẹ wá ní kí bàbá ọmọ náà ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá, á lagi mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní láti ronú sí i rí. Ẹni tó máa kọ́ àjèjì ní láti padà sẹ́yìn, kó tú ohun tó ti mọ́ ọn lára palẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kó wá orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó gbóná janjan fi ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò já mọ́ nǹkan: wọ́n á kàn máa pariwo pé "Ṣé bó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyẹn?", wọn ò sì ní lè sọ bó ṣe yẹ.

Ẹni tó gbá a rí

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tọ́ Wakama, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni orírun wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Western Carolina University títí di ọdún 2014. Kì í ṣe ilé ìwé tí àwọn olókìkí ń rọ́ lọ, kò sì jáde níbẹ̀ bí ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ń jà sí.

Ní ọdún 2015 ó wọ aṣọ Nàìjíríà ní AfroBasket tí wọ́n ṣe ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù. Ipò kẹta ni Nàìjíríà ṣe. Nígbà náà, D'Tigress ti gba ife yìí lẹ́ẹ̀mejì, ní 2003 àti 2005, wọ́n sì ti lọ sí Olimpíìkì Athens ní 2004, níbi tí wọ́n ti borí South Korea, tí wọ́n fi di ikọ̀ obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Olimpíìkì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wọn kò tó ife mọ́ fún ọdún tó ju 10 lọ. Ikọ̀ tó ń wá ọ̀nà bí yóò ṣe padà sókè ni Wakama bá pàdé.

Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Àwọn ọdún tí kò sẹ́ni tó ń wò ó

Nígbà tó fi bàtà eré sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀yìn ló lọ ṣe. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ikọ̀ àwọn obìnrin ní Manhattan College, lẹ́yìn náà ní Stony Brook University, méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ New York. Lára iṣẹ́ tó ṣe ni èyí tí wọ́n ń pè ní adarí ètò ikọ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín o. Ní ilé ìwé Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wà nípò yẹn ló ń rí sí ọkọ̀ tí ikọ̀ máa wọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa sùn, oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ, wákàtí tí wọ́n máa ṣe ìdánrawò, àti fídíò eré tí àwọn ọ̀gá fẹ́ wò. Bí nǹkan bá lọ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, gbogbo ojú á yíjú sí i.

Ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí gbogbo ara eré. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ipò tirẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹni tó ń ṣètò á rí bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọ tó ń sunkún sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìmúra, bí wọ́n ṣe ń pín àkókò fún ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń du ipò kan, bí wọ́n ṣe ń wo fídíò ikọ̀ tó ń bọ̀ wá bá wọn jà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti rọ̀.

Àwa ará Ìgbómìnà kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Ẹ rántí Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kú ní 2009. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ère, òun náà sì ti ń fi ọwọ́ kékeré gbẹ́ ère kó tó mọ ohun tó ń ṣe tán. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1940, ó gbéra, ó lọ sí Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ George Bándélé gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, fún bí ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbẹ́ ló tún lọ kọ́ ọ! Ẹni yẹn náà ló wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbẹ̀yìn, tí ère Odùduwà tó gbẹ́ sì wà ní Gbọ̀ngán Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó gbà lọ́dọ̀ Bándélé ju ọgbọ́n ọwọ́ lọ. Ó rí bí ọ̀gá ṣe ń darí ilé iṣẹ́, bó ṣe ń pín igi fún àwọn ọmọ iṣẹ́, bó ṣe ń tún àṣìṣe wọn ṣe láì ba ère jẹ́.

Ohun tí Wakama ń ṣe ní New York láwọn ọdún yẹn nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ ni.

Ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó

Láàárín àkókò tí Wakama fi ń kọ́ṣẹ́, D'Tigress ti padà di ọba Áfíríkà. Sam Vincent, ará Amẹ́ríkà tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí, mú wọn gba AfroBasket 2017 ní Bamako. Otis Hughley, ará Amẹ́ríkà mìíràn, mú wọn dé kọ́tà-fáínà Ife Àgbáyé 2018 ní Tenerife, ìyẹn ìpele tó ku ikọ̀ 8 péré, èyí tí ikọ̀ obìnrin Áfíríkà kankan kò dé rí. Ó sì tún bá wọn gba AfroBasket 2019 ní Dakar àti ti 2021 ní Yaoundé.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà yọwọ́ nínú gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti àgbáyé fún ọdún 2, nítorí ìjà tó ń lọ láàárín àwọn tó ń ṣàkóso eré náà. Àwọn ọmọbìnrin yìí ti gba àǹfààní láti lọ sí Ife Àgbáyé ní Sydney lọ́dún yẹn. Kò tó oṣù méjì tí ìjọba fi yí ìpinnu náà padà, àmọ́ ẹyin ti fọ́: FIBA ti mú Mali, wọ́n ti fi rọ́pò Nàìjíríà. Àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ló jìyà rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lórí pápá, ìdíje àgbáyé sì rèé, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ló ń wáyé. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan lè má rí òmíràn mọ́.

Inú ilé tó rí báyìí ni wọ́n pe Wakama sí ní oṣù kẹfà 2023. Kò sí obìnrin kankan tó ti jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá D'Tigress rí. Kò tíì jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè kankan rí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sì kù kí AfroBasket bẹ̀rẹ̀ ní Kigali, ní Rùwáńdà. Ọ̀pọ̀ ló mi orí. Ṣé ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́ fi ife mẹ́ta tí wọ́n ti gbà tẹ̀léra wọn lé lọ́wọ́?

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 2023, Nàìjíríà borí Senegal pẹ̀lú àmì 84 sí 74 ní àṣekágbá. Wakama di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ tó gba AfroBasket àwọn obìnrin.

Paris

Ní oṣù kejì 2024 wọ́n lọ sí Antwerp, ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti wá ìwé àṣẹ Olimpíìkì. Amẹ́ríkà nà wọ́n níbẹ̀ gidigidi, 100 sí 46. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ni irú ìyà bẹ́ẹ̀ máa ń tú ká. Àwọn wọ̀nyí borí Senegal, wọ́n sì gba àyè wọn lọ sí Paris.

Ní Paris, wọ́n fi wọ́n sínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Ọsirélíà, Faransé àti Kánádà. Ọsirélíà wà ní ipò 3 lágbàáyé nígbà náà, Nàìjíríà wà ní ipò 12. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024, Nàìjíríà borí Ọsirélíà, 75 sí 62. Láti Athens 2004, ogún ọdún gbáko, D'Tigress kò tíì borí ẹnikẹ́ni ní Olimpíìkì. Faransé borí wọn, 75 sí 54. Wọ́n borí Kánádà, 79 sí 70. Bí wọ́n ṣe dé kọ́tà-fáínà nìyẹn. Nínú gbogbo ìtàn Olimpíìkì, kò sí ikọ̀ Áfíríkà kankan, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tó dé ibẹ̀ rí nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n.

Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, 88 sí 74. Ẹ fi èyí wé 100 sí 46 ti oṣù kejì. Amẹ́ríkà kan náà ni, oṣù mẹ́fà péré ló wà láàárín. Àmì 54 ni wọ́n fi na wọ́n lákọ̀ọ́kọ́, 14 ni ti ìkejì. Níbi tí mo ti ń wo iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyí. Ìṣẹ́gun dùn, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń mọ olùkọ́ ni bí ọmọ tó gba òdo lánàá ṣe padà wá ṣe ìdánwò kejì.

Kí ló ṣe? Kò ní àwọn tó ga tó ti Ọsirélíà, ó sì mọ̀. Ohun tó ní ni àwọn ọmọ tó yára, tí wọ́n sì pọ̀ tí wọ́n lè pààrọ̀ ara wọn. Ó wá fi eré náà lé orí dídènà: kí wọ́n máa lé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù láti ìdí pápá rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n má jẹ́ kó mí, kí ìṣẹ́jú-àáyá 24 yẹn máa jó o lọ́wọ́. Irú eré yìí ń tán ènìyàn lókun, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ wọn lemọ́lemọ́. Ẹni tó mọ ìwọ̀n agbára ọmọ kọ̀ọ̀kan nìkan ló lè ṣe é. FIBA fúnra wọn yàn án ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ nínú ìdíje àwọn obìnrin ní Paris.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n

Ohun kan wà tí mo rò pé Yorùbá ní láti fi ojú sí. Ẹni ọdún 32 ni Wakama nígbà tó wà ní Paris. Ezinne Kalu, ọ̀kan lára àwọn òpó ikọ̀ náà, ẹni ọdún 32 ni òun náà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n! Nílẹ̀ wa, níbi tí ọjọ́ orí ti ń pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, báwo ni ẹgbẹ́ ẹni ṣe máa ń sọ pé "jókòó" kí a sì jókòó?

Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ní àgbà tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ọjọ́ orí. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà ju ọ̀gá lọ ṣì ń pe ọ̀gá ní ọ̀gá. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àwọn ọmọ ikọ̀ náà mọ̀ pé Wakama ti wọ aṣọ kan náà, ó ti sùn sí irú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sùn, ó sì mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn wá láti òkèèrè láti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè tí kì í sábà sanwó lásìkò. Ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí wọ́n dúró nínú ilé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ṣí ni pé ó mọ iṣẹ́ náà ní tòótọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló tọ ọ̀nà yìí. Stephen Keshi jẹ́ balógun Super Eagles nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1994, ó sì gba ife kan náà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti rí bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa, Robert Jaworski jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Ginebra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn ènìyàn tó dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1998. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Ọ̀ṣun, Olóyè Adégbóyè Ọnígbìndé ti Mòdákẹ́kẹ́ mú Nàìjíríà dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984, ó sì tún mú wọn lọ sí Ife Àgbáyé 2002. Olùkọ́ ilé ìwé ni Ọnígbìndé níbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: mímọ̀ ọ́n kọ́ni ló gbé e débẹ̀.

Ta ló san owó iṣẹ́ kíkọ́?

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Ní ìparí 2024, Chicago Sky, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ WNBA ní Amẹ́ríkà, mú Wakama gẹ́gẹ́ bí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 2025, ó mú D'Tigress borí Mali ní Abidjan, 78 sí 64. Ife karùn-ún léraléra nìyẹn, ìkeje lápapọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Tinúbú gbà wọ́n lálejò ní Abuja, ó fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní iye owó náírà tó jẹ́ 100,000 dọ́là, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àtàwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gba 50,000 dọ́là, pẹ̀lú ilé àti oyè orílẹ̀-èdè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí wọ́n má fún wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló san owó iṣẹ́ tí Wakama kọ́? Àwọn yunifásítì New York ni. Àwọn ló sanwó oṣù fún un láwọn ọdún tó fi ń ṣètò ọkọ̀ tó sì ń wo fídíò. Nàìjíríà bá ọjà náà ní sísè, a kàn ṣí ìkòkò ni. Vincent àti Hughley tó ṣáájú rẹ̀ náà, Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó tàbí Ìbàdàn fún ọdún 10, tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, níbo ló ti máa rí irú ìjókòó ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n á ti máa sanwó fún un kó lè máa kọ́ṣẹ́? Bí kò bá rí i, á lọ tajà. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á bá a lọ.

Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ Èkó àti Abuja nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń kó àwọn àgùnbánirọ̀ wá sí ilé ìwé girama ní gbogbo agbègbè wa, láti Òtan Ayégbajú dé Ìlá. Kò sí ọdún kan tí a kò ní rí ẹnì kan nínú wọn tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì. Á rí òpó kan, á fi irin róbótó sí i lórí, á kó àwọn ọmọ jọ nírọ̀lẹ́. Inú gbogbo wa á dùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á parí ìsìnrú ìlú, á lọ. Irin á dípẹtà. Ọdún tó ń bọ̀, bóyá ẹlòmíràn á wá, bóyá kò ní wá.

Kí ló sonù níbẹ̀? Bọ́ọ̀lù kọ́. Bọ́ọ̀lù kan kò tó nǹkan. Ohun tó sonù ni ọmọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tí a fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgùnbánirọ̀ náà. Bí ilé ìwé bá lè mú olùkọ́ obìnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tàbí akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tó ń gbé nílùú, kí wọ́n ní: "Dúró tì í. Máa kọ àmì sílẹ̀. Máa wo bó ṣe ń pín wọn. Ìwọ lo máa di eré yìí mú tó bá lọ," nǹkan máa yàtọ̀. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán ni ìyẹn máa ná wa. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé kan lè gbé e láì mi kanlẹ̀. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin irú ìdúrótì bẹ́ẹ̀, a ti ní ẹni tó lè kọ́ni.

Mi ò sọ pé Rena Wakama mìíràn máa jáde láti Iresi lọ́la. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré kiri pápá ilé ìwé wa ní ẹsẹ̀, wọ́n ní ọwọ́, a rí wọn. Èyí tí a kò ní ni ẹni tó ti jókòó lẹ́yìn ọ̀gá pẹ́ tó láti lè sọ fún wọn ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń ṣe. Ẹ̀yin tó jẹ́ olórí ilé ìwé, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ wo àgùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí. Ta ló dúró tì í?